Àmì Kan Lábẹ́ Ẹ

Ọyẹ́ ti dé. Eruku ti bo fèrèsé mi ní Garki.
Mo jókòó ti kọ̀ǹpútà, mo ń wo lẹ́tà tí wọ́n fi dọ́là rà:
ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ki bí òpó ààfin,
èkejì tín-ín-rín bí irun tó já sórí ìrọ̀rí.
Wò ó bó ṣe ń ti sísanra bọ́ sí títẹ́ẹ́rẹ́
láìkọsẹ̀, bí omi tó ń ti ẹnu kẹ́tù wọ ife.
Gìgísẹ̀ rẹ̀ pẹlẹbẹ, ó mú bí abẹ onígbàjámọ̀.

Ó lẹ́wà. N ò ní purọ́.
Ó lẹ́wà bí ẹni tí kò mọ̀ pé mo wà láyé.

Ìyáàfin Morádéyọ̀ ti Maitama ló gbéṣẹ́ wá,
ìwé àwọn olówó: wúrà, léèsì, ilé onídígí.
ẸWÀ ni yóò máa jẹ́.
Mo tẹ E. E jáde, ó gúnwà.
Mo wá àmì abẹ́ rẹ̀. Kò sí.
Mo wá àmì orí A. Àpótí òfìfo ló yọ sí mi,
bí ilé tí wọn kò tíì kan ìlẹ̀kùn sí.

“Yọ àwọn kóró yẹn,” ló wí lórí fóònù,
“wọ́n ń ba ojú ìwé jẹ́.”
Mo ní, “Mà, bí mo bá yọ wọ́n, ẹ̀wà ni wọ́n máa kà.
Wọn á máa bèèrè dòdò.”
Ó dákẹ́. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀.
“Ọjọ́ Jímọ̀ ni mo fẹ́ ẹ o.”

Kóró tí mo kọ́kọ́ yà rí róbótó,
ó dúró lábẹ́ E bí àlejò tí wọn kò fún ní àga.

Málàmù Bàlárábé tó ń tẹ̀wé nísàlẹ̀ ilé,
ọmọ Zaria, kò gbọ́ Yorùbá kọjá “ẹ káàárọ̀”.
Ó wo bébà mi títí. Ó mú kálàmù rẹ̀ jáde,
pòròpórò ọkà bàbà tó fi abẹ gé lẹ́nu gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́,
ó tì í bọ tàdáwà.
Ó fà á wálẹ̀: ìlà ki.
Ó fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́: ìlà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́.
Lẹ́yìn náà, láìyí ọwọ́ padà, ó tẹ àmì kan sílẹ̀.
Àmì náà ní igun mẹ́rin, ó fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan,
ó jọ ìlà méjèèjì bí ọmọ ìyá.

Àṣé mo ti ń wá kóró tí mo máa lẹ̀ mọ́ lẹ́tà,
nígbà tó jẹ́ pé ẹnu kálàmù tó bí lẹ́tà
ló yẹ kó bí kóró.

Iná lọ lẹ́ẹ̀mejì lóru yẹn. Mo yà á tán kí wọ́n tó pèrun.
Ẹ̀rọ kọ́kọ́ jẹ ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ ara A;
Bàlárábé dín eré rẹ̀ kù, ó ń fi ìka tọ́ ínkì wò
bí ẹni ń tọ́ ọbẹ̀ wò.
Ìyáàfin san ìdajì owó. Ìdajì tó kù ṣì wà lọ́nà.

Láàárọ̀ yìí mo tan kọ̀ǹpútà,
eruku kan ti balẹ̀ sábẹ́ E mìíràn,
gẹ́lẹ́ níbi tó yẹ kí àmì wà.
Mo gbé aṣọ ìnùdígí.
Mo gbé e sílẹ̀.