Èyí Tó Wà Láàárín

Bàbá mi, Ganix Etcheverry, kò sunkún
lọ́jọ́ tí ìyá mi kó ẹrù rẹ̀ lọ sí Boise.
Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí áàsù iwájú Dọ́ọ̀jì rẹ̀ tẹ̀
nínú odò gbígbẹ lẹ́yìn Elko,
ó jókòó lórí òkúta, ó ṣí fìlà.
Ó ní, "Ó parí."

Píkọ́ọ̀pù ọdún 1974. Ó fi ọdún mẹ́sàn-án jù mí lọ.
Àwọ̀ ewé ni tẹ́lẹ̀; àwọ̀ tó kù kò lórúkọ.
Ilé iṣẹ́ tó ṣe é ti gbàgbé pé òun bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ rí.

Ní Winnemucca, ọkùnrin kan fi áàsù kan hàn wá,
ó ti fi epo nù ún, ó ń dán bí ẹja.
Mo na téèpù: ìbú rẹ̀ pé.
Mo ka ojú bóòtì: mẹ́jọ, bíi tiwa.
Bàbá mi bẹ̀rẹ̀, ó yọjú wo abẹ́ rẹ̀, ó mi orí.
Ikùn rẹ̀ wà lápá òsì. Ọ̀tún ni tiwa wà.
"Ti Fọ́ọ̀dù nìyí," ó ní.
Ta ni yóò fi bàtà òsì wọ ẹsẹ̀ ọ̀tún
kó tó gun òkè?
A padà sílé. Rédíò nìkan ló sọ̀rọ̀, ó ń sọ ti afẹ́fẹ́.

Ọgbà Delbert Tybo la dé gbẹ̀yìn.
Àwọn èèyàn rẹ̀ ti mọ ilẹ̀ yẹn
kó tó di pé ẹnikẹ́ni pè é ní Nẹfádà.
Òkú ọkọ̀ fọ́n káàkiri bí agbo tí kò ní olùṣọ́,
igbó séèjì ti gba inú ẹ́ńjìnnì hù.
Dọ́ọ̀jì kan wà níbẹ̀. Ikùn rẹ̀, apá ọ̀tún!
Bàbá mi fọwọ́ kàn án, bí ẹni kan imú ọ̀dọ́ àgùntàn.

Delbert kò yọ̀. Ó fún mi ní ṣọ́ọ̀kì.
"Sàmì sára ọ̀pá àárín. Jẹ́ kí ẹsẹ̀ kan dúró,
yí èkejì lẹ́ẹ̀méjì, kí o máa kà."
Ení. Èjì. Ẹ̀ta.
Ṣọ́ọ̀kì dúró lórí ààbọ̀.
Tiwa, a ti kà á nílé: mẹ́rin àti díẹ̀.

"Ẹ lè gbé e sí iwájú, kí ẹ fi tiyín sílẹ̀ lẹ́yìn.
Yóò rìn. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ẹ bá ki mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bọ iṣẹ́ lórí ilẹ̀ líle,
iwájú á máa kánjú, ẹ̀yìn á máa fà,
èyí tó wà láàárín ni yóò fọ́."

Mo wo bàbá mi. Bàbá mi wo séèjì.

Ọmọ ọdún mọ́kànlá, ilé epo ní Jackpot, alẹ́ ọjọ́ Ẹtì:
ìyá mi nínú ọkọ̀ kan, kò pa ẹ́ńjìnnì,
bàbá mi nínú Dọ́ọ̀jì yìí gan-an, kò pa ẹ́ńjìnnì,
èmi pẹ̀lú báàgì mi, mò ń rìn lórí kọnkéré.

N kò sọ ọ́ síta.
Mo ní, "Ta méjèèjì fún wa. Iwájú àti ẹ̀yìn, ti ọkọ̀ kan náà."

"Ti ẹ̀yìn wa kò ṣẹ̀," bàbá mi ní.
"Kò ṣẹ ẹnikẹ́ni."

"Mo mọ̀, Bàbá."

Ẹgbẹ̀ta dọ́là, àti ọ̀dọ́ àgùntàn méjì.
Ọjọ́ mẹ́ta ni ìpẹtà fi bá wa jà.
Ó ń yára nísinsìnyí lójú títì, lókè ó ń mí bí àgbàlagbà,
kò sí ohun tó ń ké láàárín.

Èyí tí kò ṣẹ̀ wà nínú ahéré,
ó fi àpò irun àgùntàn wé e.
Lóṣooṣù ó ń ta epo sí i.
Ó ní a kì í mọ̀, bóyá a ó ṣì rí iwájú tó bá a mu.