Ìlà Kẹsàn-án

Ìlà mẹ́sàn-án ló wà lórí fọ́ọ̀mù.
Mo ti kọ mẹ́jọ: Gẹ̀ẹ́sì, Ìṣirò,
Bàọ́lọ́jì, Kẹ́místrì, Físíìsì tó máa ń kùn mí lóorun,
Yorùbá, Iṣẹ́ Ọ̀gbìn, Ẹ̀kọ́ Ìlú.

Tíṣà Olúkọ̀tún ní kí n fi Fọ́dà Máàsì kún un.
"Iṣẹ́ dókítà kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀lẹ.
Jẹ́ kí wọ́n rí i pé o lágbára."
Bàbá mi kò mọ Kẹ́místrì; ebè ló mọ̀.
"Rẹ̀mílẹ́kún, ebè tí èèyàn kọ tí kò lè ro,
igbó ló kọ."

Lọ́jọ́ Jímọ̀ mo rìn dé ọsibítù ní Ìsánlú.
Dókítà kan ṣoṣo, èrò kún dé ìdí máńgòrò.
Mo bi í: sọ́bújẹ́ẹ̀tì mélòó lẹ ṣe, sà?
Ó ń fọwọ́ lọ́wọ́. Ó rẹ́rìn-ín.
"Mi ò rántí iye rẹ̀ mọ́.
Èyí tí mo ti fìdí rẹmi ni mo rántí,
ọdún kan gbáko ni mo fi tún un ṣe
nílé ìyá mi l'Ẹ́gbẹ̀ẹ́."
Nọ́ọ̀sì ti pe ẹni tó kàn.

Bí mo ṣe ń jáde, ìyá àgbà kan di orúnkún mú.
"Ọ̀kun o," ló wí.
Kò bi mí ní iye kankan.

Nígbà tó dalẹ́, mo tan tọ́ọ̀ṣì,
mo gbé bírò lé ìlà kẹsàn-án.
Yíǹkì kán tó síbẹ̀.
Mo fa ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kọjá lórí òfìfo náà,
mo sì ṣí ìwé Físíìsì
sí ojú ewé kejìlélógójì,
ibi tí oorun ti gbé mi lọ lánàá.