Kíbọ́ọ̀dù Onípáálí

Aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí Sátidé,
mo ti wà ní gáréèjì Àjàṣẹ́-Ìpo,
àpò ìwé láàárín ẹsẹ̀ mi, ẹ̀kọ tútù nínú ike lórí itan.
Awakọ̀ ní, "Tíṣà, ẹ̀yin náà tún ń lọ síléèwé?"
Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó rẹ́rìn-ín títí ọkọ̀ fi ṣáná.
Ọdún kọkàndínlógún rèé tí mo ti ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ a, b, d,
èmi ni mo wá ń wá àga ẹ̀yìn jókòó.
Ìdófìan kọjá, Amọ́yọ̀ kọjá.
Ní Gànmọ̀ ni ilẹ̀ tó mọ́.

Wọ́n ní ẹja gbígbẹ kò ṣeé ká.
Òótọ́ ni,
àmọ́ ẹni tó ń se ọbẹ̀ mọ̀ pé omi gbígbóná ń bẹ.

Ní Táńkẹ̀, Dókítà Kátíbì na iná pupa sára ògiri,
ó ní, "Ta ni aṣíwájú?"
Àwọn ọmọ tí mo lè bí ń dáhùn wàràwàrà,
gbogbo rẹ̀ ló dùn, gbogbo rẹ̀ ló wà nínú ìwé.
Ọ̀gá Aróyèhún ni ọkàn mi lọ bá,
ọ̀gá wa àtijọ́, tó fi ríìmù ọkọ̀ ṣe agogo,
tó sì ń dé ṣáájú agogo lójoojúmọ́.
Lọ́dún tí ìjì ṣí òrùlé kíláàsì kẹrin
òun ló kọ́kọ́ gun àkàbà, pẹ̀lú ṣòkòtò iṣẹ́ rẹ̀.
N ò nawọ́ sókè.
N ò mọ bí a ti ń fi páànù dáhùn ìbéèrè.

Wọ́n kó tábúlẹ́ẹ̀tì ogún wá fún wa rí,
ní abúlé wa lẹ́yìn Ìgbàjà.
Wọ́n ya fọ́tò, wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n wọkọ̀ lọ.
Ẹni tí kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù wà lọ́wọ́ rẹ̀,
wọ́n ti gbé e lọ sí Pàtígí.
Ogún ojú dídán ń wo òkùnkùn,
ọmọ mẹ́tàlélọ́gọ́ta ń wò mí.

Ni mo bá gé páálí mílíìkì,
mo fi báírò ya lẹ́tà sí i lọ́kọ̀ọ̀kan,
páálí kan fún ọmọ mẹ́ta.
Wọ́n ń tẹ̀ ẹ́, ó ń dún pẹ́kẹ́pẹ́kẹ́
bí àkọ́rọ̀ òjò lórí ewé kókò.
Ràmọ́tù Abẹ̀ní gbójú sókè:
"Máà, ibo lohun tá a tẹ̀ ń lọ?"
Mo ní kó ṣáà máa tẹ̀ ẹ́.

Ìbéèrè yẹn ni mo gbé dé Táńkẹ̀,
mo fi ṣe àkọlé iṣẹ́ ìwádìí mi.
Dókítà fi yíǹkì pupa fà á,
ó kọ ọ̀rọ̀ mẹ́tàdínlógún rọ́pò rẹ̀,
kò sí ọmọ kankan nínú wọn.

Ọjọ́ kan, mo fi fóònù tèmi sórí tábìlì,
mo ní kí wọ́n máa tẹ orúkọ wọn.
Wọ́n pè mí ní ọ́fíìsì. Mo pẹ́ níbẹ̀.
Nígbà tí mo ń bọ̀, mò ń retí ariwo,
kò sí ariwo.
Tìámíyù, tí kì í sọ̀rọ̀,
ti pín òkúta wẹ́wẹ́ fún wọn:
ẹni tó bá tẹ̀ tán, a ju tirẹ̀ sínú garawa.
Òun ló gbẹ̀yìn ìlà.
Bátìrì tán kó tó kàn án.
Ó fi etí ẹ̀wù nu fóònù, ó fún mi,
ó lọ jókòó.

Ojú ewé ọgọ́fà ni mo kọ lórí ìdarí.
Mo wá ibi tí mo lè fi Tìámíyù sí,
n ò rí.

Mọ́ńdè, mo pààrọ̀ páálí tó ti rọ.
Ràmọ́tù ṣì rántí.
Mo ní, "Ọ̀dọ̀ mi lohun tẹ́ ẹ tẹ̀ ń bọ̀."
Ó wò mí títí.
Kò gbà mí gbọ́.
Mo kọ ìyẹn náà sílẹ̀.