Kí Ìbídùnní Tó Wọ Tíátà

Ìbídùnní, wọ́n ní ọ̀la ni, aago mẹ́jọ àárọ̀.
Jókòó tì mí, kí n sọ ohun tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi
lọ́jọ́ tí wọ́n gbé mi kúrò ní Mákun nínú òjò,
tí bàtà mi kan já sí gọ́tà.

Wọn ó bọ́ yẹtí rẹ, wọn ó bọ́ òrùka.
Kó wọn fún ọkọ rẹ, kó rí nǹkan fọwọ́ dì mú.
Yàrá yẹn tutù, bí òwúrọ̀ ọyẹ́ létí odò Ìbù.
Wọn ó ní kó o tẹrí ba, kó o yọ ẹ̀yìn
bí ológbò tínú ń bí, abẹ́rẹ́ á sì wọ̀ ọ́ lẹ́yìn.
Má mira.
Láìpẹ́ ẹsẹ̀ rẹ á di ti ẹlòmíì:
wàá pè é, kò ní dá ọ lóhùn.

Wọn ó ta aṣọ aláwọ̀ ewé sí iwájú àyà rẹ.
O ò ní mọ ìrora, àmọ́ wàá mọ ọwọ́,
bí ẹni ń wá kọ́kọ́rọ́ nísàlẹ̀ àpò.
Mo gbọ̀n. Eyín mi ń lu ara wọn.
Nọ́ọ̀sì Odùkọ̀yà di orí mi mú, ó ní,
"Ìyá Ìkókó, gbígbọ̀n kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀."
Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ:
igbe kékeré kan, bí ìlẹ̀kùn tí ò rí epo.

Lálẹ́, ikùn á máa jó. Bèèrè oògùn, má ṣakin.
Ẹ̀jẹ̀ á wá; ẹni tí wọ́n fi abẹ gbẹ̀bí fún náà ń rí i.
Lọ́jọ́ kejì wọn ó ní kó o dìde.
Wàá rò pé wọ́n ya wèrè ni. Dìde.
Láti bẹ́ẹ̀dì dé fèrèsé, Ṣàgámù sí Ìkẹ́nnẹ́ ni.
Bó o bá fẹ́ wúkọ́, fi ìrọ̀rí ti ojú ọgbẹ́.
Bó o bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, lé Gbóyèga jáde.
Kó o tó fẹnu kan ìkọ́kọrẹ́ tí Ìyá ń sè bọ̀,
wọn ó bi ọ́ pé, "Ṣé o ti só?"
Èmi ọmọ díákónì, mo só lójú dókítà mẹ́ta,
gbogbo wọ́ọ̀dù pàtẹ́wọ́.

Omi ọmú lè pẹ́. Ṣáà máa gbé ọmọ sí i.

Bó o bá délé, omi gbígbóná àti táwẹ̀lì á ti dúró dè ọ́:
wọ́n fẹ́ tẹ ikùn. Fi ọ̀wọ̀ kọ̀, ṣùgbọ́n kọ̀.
Má gbé garawa, má gbé ohun tó wúwo ju ọmọ lọ.
Bí ojú ọgbẹ́ bá pọ́n, tó ń ṣomi, tí ibà mú ọ,
padà lọ́jọ́ náà. Má dúró de Mọ́ńdè.

Ẹnìkan á sọ pé o ò bí i, pé wọ́n kàn gbé e fún ọ ni,
pé àwọn obìnrin Hébérù kì í ṣe bẹ́ẹ̀.
Ọ̀rọ̀ yẹn pa mí lẹ́kún fún ọ̀sẹ̀ méjì.
N ò tíì mọ èsì rẹ̀ dòní.

Ojú àpá ṣì kú tipiri. Bí ọyẹ́ bá dé, á máa yún mi.
Lọ́jọ́ kan, ọmọ náà, ọmọ ọdún mẹ́fà, fi ìka tọ́ ọ:
"Ṣé ibí ni mo gbà jáde?"
Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.
Ó wò ó títí. Ó ní, "Ó mà kéré o."

Lọ sùn. Mo ti ki ìrọ̀rí kékeré kan sínú báàgì rẹ.