Fèrèsé Tí Kò Ríran

Òyìnbó tí àwọn Háúsá ń pè ní Mai Gemu
yọ fọ́tò kan nínú àpò ṣòkòtò rẹ̀:
ilé ìyá rẹ̀ nílùú Ọba, ilé tó ti lé ní igba ọdún.
Ó ní, irú èyí gẹ́lẹ́ ni kí ẹ kọ́ fún mi ní Kàdúná.

Bùsárì bàbá mi wà níbẹ̀,
ọmọ ìjàkadì Ọ̀fà tó wá ń bá bíríkì wọ̀yá ìjà.
Bíríkì kan á fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, èkejì á kọrí síta,
ọ̀kan gùn, ọ̀kan kúrú, ọ̀kan gùn, ọ̀kan kúrú,
títí ojú ògiri fi dà bí ẹní tí a hun.
Lókè ilẹ̀kùn, wọ́n fi gíláàsì ṣe ààbọ̀ òṣùpá.
Fèrèsé ò ṣí síta bíi tiwa;
ńṣe lò ń fà á lọ sókè, okùn rẹ̀ ń bẹ nínú ògiri,
irin wúwo kan so mọ́ ọn níbi tójú ò tó.
Wọ́n tún ṣe ibi ìdáná sí pálọ̀!
Iná, ní Kàdúná, lóṣù Ẹrẹ́nà.
Tánímù, tó ti ń fi túbálì mọlé láti kékeré,
rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí amọ̀ tí wọ́n pò.

Ṣùgbọ́n fèrèsé kan ló da bàbá mi láàmú.
Lápá òsì, fèrèsé mẹ́ta. Lápá ọ̀tún, méjì,
nítorí àtẹ̀gùn ló wà lẹ́yìn ibẹ̀.
Mai Gemu ní kí wọ́n ṣe ẹ̀kẹta síbẹ̀ náà,
kí wọ́n ṣe férémù rẹ̀, kí wọ́n tún etí rẹ̀ ṣe dáadáa,
kí wọ́n wá fi bíríkì dí i pa.
Bàbá mi ní, "Sà, ta ni yóò wo ìta níbẹ̀?"
Ó ní, "Kò sẹ́ni. Kí ojú ilé lè dọ́gba ni."

Ó sọ ọ̀rọ̀ yẹn délé. Ó sọ ọ́ fún ọdún mọ́kànlá.
Ojú tí kò ríran, tí wọ́n là nítorí ẹwà!

Yàrá kan la háyà ní Tudun Wada, àwa mẹ́fà,
fèrèsé kan ṣoṣo, tó kọjú sí ṣáláńgá.
Lọ́jọ́ Àìkú kan, bàbá mi mú òòlù àti ìṣó ńlá,
ó gbẹ́ ògiri amọ̀ tó wà ní òdìkejì,
ó ṣe fèrèsé tí kò já síta sínú rẹ̀,
ó fi ẹfun kun etí rẹ̀ yí po.
Ìyá mi ní, "Kí lèyí, Bùsárì?"
Kò fèsì.
Nígbà tó yá, ìyá mi gbé àtùpà síbẹ̀.

Mo padà lọ wo ilé pupa náà lọ́dún tó kọjá.
Báǹkì ti lò ó, ilé-ẹ̀kọ́ ti lò ó;
télọ̀ kan ló wà níbẹ̀ báyìí, Rábì lorúkọ rẹ̀.
Okùn fèrèsé ti já, igi ni wọ́n fi ń tì í sókè.
Ẹyẹ ti sọ ojú èéfín dilé.
Gíláàsì àwọn tó ríran ti fọ́, páálí ni wọ́n kàn bò wọ́n.
Èyí tó fọ́jú nìkan ló ṣì pé.
Mo fọwọ́ kàn án. Oòrùn ìrọ̀lẹ́ ti mú un gbóná.
Rábì yọjú, ó bi mí bóyá mo ń wá ẹnìkan.
Mo ní aṣọ ni mo fẹ́ rán.