Ìsàgatì Lẹ́yìn Ṣọ́ọ̀bù Kẹ̀kẹ́

Lórí tábìlì tí mo fi ilẹ̀kùn àtijọ́ kàn,
lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù mi ní Zutphen, níbi tí táyà ti ń so rọ̀ bí ẹja gbígbẹ,
ìlú kan wà tí kò sí nínú àwòrán ilẹ̀ kankan.
Hendrikje ló sọ ọ́ ní Wolderdam.
Odi rẹ̀ ní igun márùn-ún, ó ṣe ṣóṣóró bí ìràwọ̀;
ìdérí ìgò wáìnì la gbẹ́, la lẹ̀ pọ̀.
Rọ́bà inú táyà tó ti bẹ́ ni mo gé ṣe omi yàrà:
ó dúdú, ó ń dán, ó jọ omi oṣù Bélú.

Hendrikje ń ṣọ́ ìlú. Èmi ni mo sàga tì í.
Ọgbọ̀n ọdún ló fi ṣọ́ ìdènà omi fún ìjọba.
Lọ́jọ́bọ̀ kẹta, ó tẹ́ bébà búlúù
sórí gbogbo ilẹ̀ tí mo ti gbẹ́.
Ọgọ́rin ọmọ ogun òjé mi rì dé orúnkún.
Ó mu kọfí rẹ̀, kò wo ojú mi.

Ẹ má rò pé a ń kánjú. Ogun ìgbà náà kì í kánjú.
Ọkọ́ ló ń ṣẹ́gun kí idà tó dé.
Ẹ gbẹ́lẹ̀ lọ sápá ọ̀tún, ẹ ṣẹ́rí sápá òsì,
wọ́gọwọ̀gọ, bí ejò tó gbọ́ ohùn ọmọdé,
kí ọta àgbá má baà rí ẹ̀yìn ẹnikẹ́ni gbá tààrà.
Ìka mẹ́ta lọ́sẹ̀ kan. Bí dáìsì bá burú, ìka kan.
Òwú ni èéfín. Nígbà míì mo máa ń fẹ́ ẹ kí ó lè mì.

Oúnjẹ ìlú wà nínú ife kan: ẹ̀wà, hóró méjìdínlọ́gbọ̀n.
Lọ́jọ́bọ̀ kọ̀ọ̀kan, méjì á jáde,
à báà ta ayò, à báà má ta á.

Lọ́jọ́bọ̀ kọkànlá, àga rẹ̀ ṣófo.
Roelof ọmọ rẹ̀ ló pè: ọkàn ni, wọ́n ti gbé e lọ sí Deventer.
Hóró mẹ́jọ ló kù.
Àgbá mi ti tò. Igun kẹrin odi ti ya,
àlàfo rẹ̀ gba ọmọ ogun mẹ́rin lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.
Òfin ni òfin: mo yọ hóró méjì.
Mo wá lọ ṣí kọ́bọ́ọ̀dù ìdáná, mo mú méjì mìíràn, mo fi rọ́pò.
Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni mo fi jẹ́ ọ̀tá níwájú odi,
tí mo jẹ́ onífàyàwọ́ lẹ́yìn rẹ̀.

Ó padà tòun tọ̀pá, ẹ̀wù rẹ̀ tóbi jù ú.
Kò kí mi. Ó da ẹ̀wà sí àtẹ́lẹwọ́.
“Wubbo, kí ló dé tí ìlú mi ò tíì kú?”
Mo ní bóyá eku ni.
“Eku kì í kó ẹ̀wà wọlé.
Funfun ni mo fi sílẹ̀. Pupa ni mo bá.”
Ó da gbogbo rẹ̀ sọ́wọ́ mi.
“Ebi ti pa wọ́n láti Ọjọ́bọ̀ tó kọjá.”

Ó ya etí bébà ìnujú, ó so ó mọ́ igi ìtayín,
ó gún un mọ́ ẹnu ibodè.
Ìlànà àtijọ́ ni: ẹni tó bá di odi mú dáadáa
á jáde tòun ti àsíá, òwú ìbọn á máa jó, ọta á wà lẹ́nu.
Òun fúnra rẹ̀ ló ń gbé wọn, lọ́kọ̀ọ̀kan, la àárín ogun mi kọjá.
Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Ọ̀kan ṣubú. Mo nawọ́, ó gbá a dànù.

Ẹni ìkẹyìn ni atẹ́gun kan tí a ti fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta.
Hendrikje dúró, ó tẹjú mọ́ ibi tí mo gbẹ́.
“Yàrà rẹ kejì yìí gùn jù.
Láti ọjọ́ karùn-ún ni mo ti lè yìnbọn wọ inú rẹ̀ gbọnrangandan.”
Mo bi í pé kí ló dé tí kò yìn ín.
Ó ní kọfí ti tutù.