Ojú Alàgbà

Gbogbo aláǹgbá ló dakùn délẹ̀,
a kò mọ èyí tínú ń run.
Àmọ́ èmi mọ èyí tójú ń yọ lẹ́nu:
ó wà nínú páálí mílíìkì lẹ́yìn ẹ̀rọ ìránṣọ mi,
orí rẹ̀ pọ́n bí ẹyin ọ̀pẹ,
ojú òsì pa dé bí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ Ìsinmi.

Alàgbà ni Gorí sọ ọ́,
nítorí ohunkóhun tí a bá wí, yóò mi orí.
"Òjò máa rọ̀ lónìí?" Ó mi orí.
"Ìyá mi máa ra bàtà fún mi?" Ó mi orí.
Ó jọ àwọn àgbà ìjọ wa tí í ṣàmín
kí oníwàásù tó parí gbólóhùn.

Ọyẹ́ ọdún yìí ló fà á.
Ẹni tó bá mọ Ẹ̀fọ̀n mọ̀ pé
òkè yí wa ká bí ìyá tó ká ọmọ mọ́ra,
ṣùgbọ́n tí ọyẹ́ bá sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè náà,
ètè á ya, gìgísẹ̀ á la,
awọ aláǹgbá pàápàá kò ní fẹ́ bọ́ tán.
Ó bọ́ lẹ́yìn, ó bọ́ nírù,
ó ku fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ní ìpéǹpéjú,
ó lẹ̀ mọ́ ibẹ̀ bí èpo àlùbọ́sà.

Ìyá Ṣẹ́gilọlá ní àpólò ni,
kí n fún oje ewúro sí i.
Bàbá Àńjọ̀rìn tó ń tún rédíò ṣe
ní kẹrosíìnì, ẹ̀kán kan péré.
Yèyé mi dúró sẹ́nu ọ̀nà:
"Kí ni aláǹgbá ń wá nínú ulé mi?
Ògiri l'Ọlọ́run fún un, ẹ̀yin fún un ní páálí."
Mi ò dá ẹnikẹ́ni lóhùn.
Ojú kì í ṣe aṣọ:
tí a bá gé e ṣì, kò sí àlẹ̀mọ́.

Mo gbé e lọ sí Adó lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun.
Ewúrẹ́ mẹ́ta, ajá kan, àti páálí wa
la jọ tò sílé ìwòsàn ẹran.
Ẹni tó ni ewúrẹ́ yọjú wo inú páálí,
ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́
lójú rẹ̀ méjèèjì tó dá ṣáṣá.
Dókítà Fámorótì kò rẹ́rìn-ín.
Ó tan iná kékeré, ó wò ó pẹ́.
"Ẹ má fi èékánná ṣí i. Ẹ má fà á.
Omi tó mọ́, tó lọ́ wọ́ọ́rọ́,
òwú tútù, lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́.
Kó máa rí oòrùn. Kó má jẹ ìrẹsì mọ́.
Bí kò bá là lọ́sẹ̀ kan, ẹ padà wá."
Iye tí mo san, n ò sọ fún Yèyé.

Bẹ́ẹ̀ ni èmi aránṣọ,
tí mo ti ń fi òwú wá ojú abẹ́rẹ́ kiri láti ọdún méjì,
tí n kò jẹ́wọ́ fún ẹnì kan,
mo gbé awò sójú níwájú ọmọ mi.
Gorí di Alàgbà mú bí ẹni di ẹyin mú.
Mo fi òwú kan ìpéǹpéjú.
Mo dúró. Mo tún fi kàn án.
Àyà rẹ̀ ń lù kìkì lábẹ́ àtàǹpàkò ọmọ.

Lọ́jọ́ kẹta, kò sí àyípadà. Gorí kò jẹun alẹ́.
Lọ́jọ́ kẹrin, ó mú tata kan,
lẹ́yìn tó ti ṣì í mú lẹ́ẹ̀mejì,
nítorí ojú kan kì í mọ bí ọ̀nà ti jìn tó.

Àárọ̀ Sátidé ni èpo yẹn ṣí fúnra rẹ̀,
ó lẹ̀ mọ́ òwú, ó fẹ́lẹ́ ju ìyẹ́ esinsin.
Ojú wà lábẹ́ rẹ̀, dúdú, tútù,
ó kéré ju bọ́tìnnì aṣọ ìkókó,
mo sì rí ara mi nínú rẹ̀, tàwò-tàwò.
"Ó ti rí wa," ni Gorí wí.
Alàgbà mi orí.

Ó di ọjọ́ mẹ́wàá tí a ti tú u sílẹ̀.
Aláǹgbá mẹ́fà ló ń yá oòrùn lórí ògiri ẹ̀yìnkùlé,
gbogbo wọn ló ń mi orí.
Gorí nàka. Ó ní, "Òun nìyẹn."
Mo gbé awò sójú, mo wò títí.
Mi ò mọ̀ ọ́n.
Mo ní mo mọ̀ ọ́n.